Wákà tí mò ń tò: mo ti ń fi ránṣẹ́ kiri kó tó parí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orin wákà tí mò ń tò nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi l'Ẹ̀pẹ́ níbí ti rìn díẹ̀. Ìlù ti wà, béèsì ti wà, ègbè ti wà, ẹsẹ kìíní ti ní ọ̀rọ̀, ẹsẹ kejì ni mo ṣì ń kọ “làálàà-là” sí, àárín orin ò sí rárá, tó bá débẹ̀ ó kàn máa ń dákẹ́ ni. Bó ṣe wà yẹn gan-an ni mo ṣe ń fi ránṣẹ́ sáwọn olórin tí mo mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ojú ò tì mí ni, ṣé èèyàn máa ń gbé aṣọ tí ò tíì lápá fún oníbàárà wọ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni nà, ohun tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ nìyẹn. Àbí ìgbà tí mo bá gbé bọ́tìnnì sí i tán tí mo ti lọ̀ ọ́ ni kó wá sọ fún mi pé abíyá ń fún òun? Orin tó bá ti parí, “ó dùn” lèèyàn máa sọ. Mo ti gba “ó dùn” tó pọ̀ láyé mi, mo ti gba àwòrán iná pupa yẹn lọ́pọ̀ yanturu, mi ò tíì rí èyí tí mo lè fi tún nǹkan kan ṣe nínú wọn.

Bí mo ṣe ń dì í

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, FL Studio, ètò tá a fi ń to orin lórí kọ̀ǹpútà, ni mò ń lò. Ẹni tó bá kàn fẹ́ gbọ́ ọ, MP3 320 kbps ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí i, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ ò ju bíi 8 MB lọ, dátà ò ní pariwo. WAV ẹ̀, ìyẹn fáìlì tí wọn ò fún pọ̀ bíi MP3, ní 24-bit, 44.1 kHz fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 56 MB, ẹ wá wò ó tó bá jẹ́ pé ìlù lọ́tọ̀, béèsì lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, àfi kéèyàn lọ jókòó ti wáì-fáì ẹlòmíì. Nítorí náà ẹni tó bá máa fọwọ́ kan iṣẹ́ náà nìkan ni mo máa ń kó wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin, kódà èyí tó jẹ́ pé ó di àárín kó tó dún, màá jẹ́ kó dákẹ́ títí á fi kàn án, torí tí ẹni yẹn bá gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ wọ́n á bá ara wọn mu láìjẹ́ pé ó ń wá ibi tí ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kọ ìyára ẹ̀ sórí fáìlì, 104 BPM, ìyẹn iye ìlù nínú ìṣẹ́jú kan, mo máa ń kọ key ẹ̀, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, A. Màá yọ límítà, ohun tó ń tẹ ariwo orin mọ́lẹ̀, kúrò, màá jẹ́ kó fi bíi 6 dB rẹlẹ̀ sí ibi tí ohùn ti máa ń ya tó bá pariwo jù. Tó bá jẹ́ FL lòun náà ń lò, “Zipped loop package” ni kí ẹ yàn, á kó gbogbo ohùn tí ẹ lò pọ̀ sójú kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa ṣí i tán, ìlù ò ní dún, á wá máa pè yín lóru.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ tẹ̀lé e. “Kí lo rò sí i” ò kí ń ṣe ìbéèrè, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe fẹ́ dáhùn ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi n'Ìkòròdú

Òun náà ń ṣe bíìtì, tàwọn ọmọdé ló ń ṣe. Mo bi í pé ibo ló ti máa ṣe é bíi kó yí orin míì sí i. Inú gosiló ló wà tó fi fi ohùn ránṣẹ́ padà, mò ń gbọ́ tí àwọn oníbúrẹ́dì ń kígbe lẹ́yìn ẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni “béèsì dà?” Mo ní béèsì wà ńbẹ̀. Ó ní lórí fóònù tòun kò sí.

Ó sì tọ̀nà. Béèsì mi jókòó sórí nóòtì A tó wà ní 55 Hz, ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, sípíkà kékeré inú fóònù ò lè gbé ìyẹn jáde, bẹ́ẹ̀ sì rèé orí fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa gbọ́ ọ. Ó ní kí n má gbé ohùn ẹ̀ sókè o, kí n fi ìdọ̀tí díẹ̀ (distortion) sí i ni, kí àwọn ohùn tó ń gun orí ẹ̀ ní 110, 165, 220 lè jáde, etí fúnra ẹ̀ á mọ ìsàlẹ̀ tí fóònù ò gbé. Mo ṣe é, ó ṣiṣẹ́.

Ìkejì, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ orin náà ti gùn jù, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógójì kí n tó kọrin, ta ló fẹ́ dúró. Ó ní kí n gé e sí mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná, màá padà sórí ẹ̀.

Bọ̀dá onídùùrù ní Ìtóìkín

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń tẹ dùùrù. Mo bi í pé báwo ni ègbè ṣe ń dún lórí sípíkà ńlá. Ó gbé e sórí míkísà ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, ó ní ègbè ti lọ, àwọn èèyàn mi ti di èèyàn kan tó ń kọrin nínú páìpù. Sípíkà ibẹ̀, ohùn kan náà ni tọ̀tún tòsì ń gbé jáde, èmi sì ti fi ọgbọ́n fẹ ègbè yẹn lójú, mo da ẹyọ ohùn kan kọ sí méjì, mo fi ọ̀kan sẹ́yìn díẹ̀ báyìí. Nínú hẹ́ẹ̀dífóònù ó gbòòrò dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pọ̀ wọ́n sójú kan ńṣe ni wọ́n ń jẹ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ sípíkà òde àríyá ṣe ń dún, wákà tí ò bá sì lè dún lóde àríyá, kí la fẹ́ fi ṣe. Ó ní kí n kọ ègbè náà lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, kí n gbé ọ̀kan sọ́tùn-ún ọ̀kan sósì.

Ó tún fi kọ́ọ̀dù mẹ́rin ránṣẹ́ fún àárín orin tó ṣófo. Mi ò bi í léèrè ìyẹn o. Kọ́ọ̀dù ọ̀hún rẹwà, ó ń yípo, ó ń gòkè, ó ti di orin ọpẹ́ ọlọ́dún kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi pamọ́. Wákà ò kí ń rìn lórí kọ́ọ̀dù báyẹn, ìlù àti ohùn ló ń gbé e.

Bàbá onílù

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ìdílé Àyàn pọ́ńbélé. Èèyàn ò lè fi fáìlì ránṣẹ́ sí irú bàbá bẹ́ẹ̀ kó wá kọ “ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbọ́ ọ” sábẹ́ ẹ̀. Mo dìde mo lọ, mo gbé búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì dání, mo kúnlẹ̀ kí wọn, a sọ̀rọ̀ bí ẹja ṣe wọ́n l'Ọ́jà Olúwo, a sọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ wọn tó ń kàwé ní Nóforíjà, kí n tó yọ fóònù jáde.

Wọ́n gbé e sétí, wọ́n ń wo ìta. Nígbà tó tán wọ́n ní, “Ta ló lu eléyìí?”

Mo ní, “Kọ̀ǹpútà ni, bàbá.”

Wọ́n ní, “Ó ń gbìyànjú.” Wọ́n dákẹ́.

Ẹni tí ò bá mọ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ̀rọ̀ á rò pé wọ́n yìn ín ni. Mo dúró. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i, ibi ègbè nìkan. Wọ́n wá ní, “Ìwọ ń bẹ Ọlọ́run, òun ń sọ tiẹ̀ lọ.”

Lùùpù gángan, ìlù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tó ń yí po, tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo lò. Ó dún dáadáa, ẹni tó lù ú mọ̀ ọ́n lù, ṣùgbọ́n ohun tí ìlù yẹn ń sọ ọ̀tọ̀, orin mi ọ̀tọ̀. Àwa ọmọ bíìtì, tí lùùpù bá ti bá ìyára mu tó sì bá key mu, a ti gbà pé ó wọlé nìyẹn. Bàbá ò tiẹ̀ mẹ́nu ba key. Wọ́n mú gángan tí wọ́n fi kọ́ ògiri, wọ́n gbé e sábẹ́ abíyá, wọ́n fi lu ègbè mi bí mo ṣe kọ ọ́, “Ọlọ́run Ọba má jẹ̀ẹ́ n ráhùn ọmọ, má jẹ̀ẹ́ n ráhùn owó,” ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti lọ sókè wọ́n á fún ọṣán mọ́ra, ibi tó bá ti wálẹ̀ wọ́n á tú u sílẹ̀. Ìyàwó wọn wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń dáná, kò gbọ́ fóònù, kò rí mi, ibẹ̀ ló ti dáhùn pé, “Àmín o, a ò ní ráhùn.”

Mo yọ lùùpù yẹn kúrò lọ́jọ́ náà.

Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́ ọjọ́ tí iná wà, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò ní jẹ́ ká gbádùn tí kò bá sí iná. Ẹ má fojú di ṣọ́ọ̀bù aránṣọ o, àńkárá àti léèsì tó wà lára ògiri káàkiri máa ń gbé gbogbo ariwo mì, ohùn ò ní máa ta padà, àwọn kan ń ra fóòmù lówó gọbọi fún irú nǹkan yìí. Mo gbé máìkì sí ìwọ̀n apá kan sí ìlù náà, tó bá sún mọ́ ọn jù ńṣe ni ohùn ìlù á máa ya nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz dànù, kò sí nǹkan tí gángan fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe, ìró fáànù ló wà ńbẹ̀.

Bàbá ò gbà kí n fi tíkì-tíkì kọ̀ǹpútà sí wọn létí, wọ́n ní kì í jẹ́ káwọn ronú. Orin náà ni mo fi sí wọn létí kan. Ìyẹn wá túmọ̀ sí pé ìlù wọn ń lọ ó ń bọ̀ díẹ̀ lórí ìyára mi. Ọ̀rẹ́ mi n'Ìkòròdú ní kí n gé e kí n fà á bọ̀ sórí ìlà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìyára. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ni mo tú kúrò lórí ìlà, mo fi ọwọ́ sún un kó máa tẹ̀ lé bàbá, ibòmíì bíi 15 ms sẹ́yìn (tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹ̀), ibòmíì kò tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n orin náà ti ń rìn báyìí, tẹ́lẹ̀ ó kàn ń sáré lójú kan ni.

Ọ̀rọ̀ owó: mo ti fún bàbá lówó iṣẹ́ wọn, mo sì ti sọ fún wọn ṣáájú pé tí orin náà bá pa owó, iye báyìí ni tiwọn, ọmọ wọn jókòó síbẹ̀ a kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé tí àwọn bá fi orin tí ò tíì parí síta wọ́n á jí i. Ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ lábẹ́ òfin Nàìjíríà orin ti di tìẹ látìgbà tó o ti gbà á sílẹ̀, kò dìgbà tó o bá lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kan, fáìlì tó ní déètì lọ́wọ́ sì wúlò tí wàhálà bá dé.

Àlàájà

Àlàájà kan wà l'Ókè-Balógun tó ti ṣe elégbè fún àwọn oníwákà nígbà tí ara ṣì le. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n ni pé ṣé ègbè ga jù. Wọn ò dá mi lóhùn ìyẹn. Wọ́n ní, “Ìjúbà dà?”

Mo ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógójì tó wà níwájú yẹn ni. Wọ́n ní ìyẹn ò tó kí wọ́n fi kí Ọlọ́run, ká má tíì sọ ti Ànábì, ti òbí, àti tàwọn tó ti ṣe é ṣáájú. Wọ́n ní lẹ́yìn irú Sàláwà Àbẹ̀ní, oníwákà tó ti gbé àwo jáde látọdún 1976, tó fi ṣèdárò Murtala Muhammed, kí èmi wá máa ṣe wákà kí n kàn já lu ègbè báyẹn, bíi ta ni? Wọ́n tún ti Batili Àlàkẹ́ ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ ọ́, wọ́n ní obìnrin yẹn ló la ọ̀nà.

Ẹ rí i báyìí, ọ̀kan ní kí n gé e sí mẹ́jọ, ọ̀kan ní ogójì ò tó. Mo gbé e ka orí masíìnì, mo ń rán ìró ẹni ẹlẹ́ni, mò ń rò ó. Ọ̀rẹ́ mi n'Ìkòròdú ò purọ́, ẹni tó ń yí fóònù kiri kò ní dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn ẹ̀ gan-an ló ń lé e lọ, dùùrù nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí èèyàn. Nítorí náà mo yọ dùùrù yẹn, mo gbé ohùn síwájú pátápátá, orin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjúbà látorí ìṣẹ́jú àáyá kìíní, ohùn nìkan ná, lẹ́yìn náà sẹ́lí, ohun èlò orin wákà, wọlé, bàbá wá ń fi gángan dáhùn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó ti wá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lé ní ìṣẹ́jú kan. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi láìsọ nǹkan kan fún un, ó ní “ehn ehn, o ti gé e, ó ti dáa báyìí.” Mo fi ẹ̀rín pa ara mi.

Ohun tó kù: àárín orin tó ṣófo, ìyẹn màá fi í sílẹ̀ fún ìlù nìkan, bàbá ti ní òun máa fi oríkì Ẹ̀pẹ́ sí i. Ẹsẹ kejì ṣì ń jẹ́ làálàà-là. Ègbè, a máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí bọ̀dá onídùùrù ṣe wí, Àlàájà ní òun máa wá kọ ọ̀kan níbẹ̀ fúnra òun lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n bá ti jáde ní àsàlátù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn gbọ́ pé nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà tá a fi ń tún ohùn èèyàn ṣe, kí n má gbé e sún mọ́ tàwọn.