Ìwé Pọ̀ Níbẹ̀, Ẹni Tí A Ó Rò Ó Fún Ni Ò Sí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Adó-Èkìtì ló kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan ìwé ìtàn àròsọ tó dá lórí ayé àtijọ́, àwọn tó ní apá kìíní, apá kejì, apá kẹta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí àyè kàwé níbẹ̀." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dùn mí títí mo fi wọ bàálù. Àyè! Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ nílé àwọn arúgbó, tí mò ń lọ sùn nígbà tí oòrùn bá yọ, bó bá yọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsinmi mi. Òkèmẹ̀sí ni mo ti ń kọ èyí. Nípa ilé, ọ̀rọ̀ ò pọ̀: iná ò sí, ọ̀nà ò dáa, iyán wà, èèyàn wà. Ẹ mọ ìyókù.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo yàn fún ọmọ náà kò ti ìlú òyìnbó wá. Ọládẹ̀jọ Ọ̀kédìjí ló kọ ọ́, Àjà Ló Lẹrù, 1969. Lápàdé, tó ti fìgbà kan ṣe ọlọ́pàá, ló ń tọpa ọ̀daràn níbẹ̀, ó sì tún padà nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Ìwé méjì, akọni kan náà. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì wa, ojú ewé mẹ́ta ti já nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán ló máa ń fi ẹnu rò ó fún ẹni tó kàn. Bó ṣe ń tọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ ni ojú ewé mẹ́ta yẹn ń gùn sí i. Ìgbà tí mo wá rí ẹ̀dà tó pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ojú ewé mẹ́ta náà ò dùn tó ohun tí wọ́n sọ fún mi.

Ní England níbi tí mò ń gbé, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Shrewsbury, ọ̀fẹ́ ni ìwé yíyá. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó kó ìwé lé e, á pọ bébà pélébé kan jáde, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín pé èwo lẹ mú. Ọdún kẹta nìyí. Ẹ lè ka ìwé tó dùn débi tí ẹ ó fi dìde dúró nínú yàrá, kí ẹ wá wò yíká, kí ẹ tún jókòó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí rí. Màmá kan tí mò ń tọ́jú lóru ni, ẹni ọdún 88. Èmi ni mò ń pè é ní Màmá, orúkọ rẹ̀ gan-an làwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é. Ìwé ogún ló tò sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ lórí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cadfael. Ellis Peters ló wà lára èèpo ìwé, ṣùgbọ́n Edith Pargeter lorúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọmọ Shropshire níbẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ó parí ní 1994. Ọmọ Wales ni Cadfael, ó ti jagun dé ilẹ̀ mímọ́ kó tó wá di mọ́ńkì ní Shrewsbury. Ó ń gbin ewé, ó ń po oògùn, bí ẹnikẹ́ni bá sì kú ikú tí kò yé èèyàn, òun ni wọ́n máa ń pè. Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ṣì dúró di òní, bọ́ọ̀sì mi máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Àkókò tí àwọn ọmọ-ọmọ ọba kan náà, Stephen àti Maud, ń jà sí oyè ni ìtàn náà bọ́ sí. Kò sí ọmọ Òkèmẹ̀sí tí ìyẹn ò ní yé.

Màmá náà ní mi ò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan, láti orí ìkínní ni kí n ti máa kà á sókè. Bí oorun bá gbé e lọ, màá dúró. Bó bá jí ní aago mẹ́ta òru, á ní, "Ta ló wá pa á?" A ka mẹ́fà. Ní oṣù kejì ọdún yìí ó kú.

Ọjọ́ méjì làwọn ọmọ rẹ̀ fi kó ilé náà ṣófo. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ilé míì ni mò ń lọ láti ọjọ́ Ajé. Ó tán. Ẹnikẹ́ni ò kí mi kú ọ̀fọ̀, n ò sì rí ẹni tí mo lè kí. Níbí, bí ìyá alátà tó wà lójúde bá kú, ọjọ́ mélòó la ó fi jókòó? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan mo rí àwọn ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Mo ra ìkejì, mo ra ìkeje. Mi ò tíì ṣí ìkeje.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo dé, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ iná sólà. Ọmọ náà ti ti Adó dé. Àwọn aládùúgbò méjì wá gba iná sí fóònù, wọ́n bá wa jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì fún wọn: Ọba Stephen ṣẹ́gun odi Shrewsbury ní 1138, ó ní kí wọ́n so àwọn èèyàn 94 tó bá a jà kọ́. Wọ́n ní kí Cadfael wá tọ́jú òkú wọn. Ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 95. Mo dákẹ́.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn sójà ló ṣì í kà. Màmá mi, tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lórí àtẹ, ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bí o bá ka iṣu rẹ tó lé ọ̀kan, ẹnìkan ló kó tiẹ̀ mọ́ tìẹ. Ta ló gbé òkú tirẹ̀ pamọ́ sáàárín tọba?"

Èmi tí mo kà á, n ò rò ó débẹ̀ títí Cadfael fi là á. Ariwo sọ. Oníkálùkù ń dárúkọ ẹni tó pa á, aago mọ́kànlá kọjá, fóònù àwọn aládùúgbò ti kún tipẹ́.

Ìyókù tí mo yàn fún ọmọ náà: Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, lórí àwọn tí wọ́n ní àwọn ò sìn mọ́. Ẹni tí Fábùnmi, akọni Ogun Kírìjì, jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á. Ìwé mẹ́ta tí Hilary Mantel kọ lórí Thomas Cromwell, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó di igi lẹ́yìn ọgbà Ọba Henry kẹjọ, jáde ní 2009, 2012 àti 2020, méjì àkọ́kọ́ sì gba ẹ̀bùn Booker. Àwọn òyìnbó ń ráhùn pé "ó" ló ń pe Cromwell ṣáá láìdárúkọ. Àwa tí "ó" wa ò tilẹ̀ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, kí ló fẹ́ rú wa lójú? Ogun Kírìjì ńkọ́, tí wọ́n jà láti 1877 títí wọ ọdún 1893, tí ìró ìbọn ńlá fún lórúkọ? Ìwé ogún ò pọ̀ jù fún un. Mo ń retí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Ṣé o rí i? Máa bọ̀ nílé." Ó rọrùn lẹ́nu. Ta ló ra sólà tí a jókòó sí abẹ́ rẹ̀? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, owó ilé-ìwé ọmọ tó ní mo rí àyè, páànù orí ilé: iṣẹ́ alẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kí n tó lọ, olùkọ́ ni mí níbí, oṣù márùn-ún ni wọ́n jẹ mí. Èmi kọ́ ni mo sá. Mi ò sì sọ èyí fún un, ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú yín ò pè mí lẹ́jọ́.

Ìwé kejì wà lọ́wọ́ ọmọ náà báyìí. Lánàá, bí mo ṣe ń di ẹrù, Màmá bi mí pé mélòó ló kù tí mi ò tíì kà nínú ti baba oníṣègùn yẹn. Mo ní mẹ́rìnlá. Ó ní kí n máa pe òun lálẹ́, kí n máa kà á fún òun. Mo ní, "Màmá, mo máa ń wà níbi iṣẹ́ lálẹ́."

"Ṣebí ibi iṣẹ́ náà lo ti ń kà á fún ìyá ọ̀hún."