Ká Kó Ẹrù Jáde Ná

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Owó olówó ló wà nínú kọ̀ǹpútà Màámi. Àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa, inú Excel ni wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: iye tí oníkálukú dá, ẹni tó yáwó, ẹni tó ti san, ẹni tó kù. Lánàá, iná lọ lójijì nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bátìrì ẹ̀rọ náà sì ti kú tipẹ́. Láti ìgbà yẹn, bí a bá ti tàn án, àmì Windows á yọ, ojú rẹ̀ á di búlúù, á kú, á tún bẹ̀rẹ̀.

"Àṣàkẹ́, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn ní ìpàdé?"

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí wa ní ká format rẹ̀, ká fi Windows tuntun sí i, kíá ló máa tàn. Yóò tàn lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ni yóò tàn. Ìmọ̀ràn yìí máa ń dùn mí wọra. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ìgbéyàwó àti iṣẹ́ àṣejáde akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣòfò láìnídìí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá há sẹ́nu ilẹ̀kùn, a kì í torí ẹ̀ wó yàrá. Windows lè bàjẹ́ kí fáìlì má mọ̀ sí i rárá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí àtúnṣe kan láti CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, sọ ojú kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 di búlúù káàkiri ayé, fáìlì kan tó lábùkù ni àwọn èèyàn ń wọ Safe Mode (ìyẹn ká tan Windows pẹ̀lú kìkì ohun tí kò lè ṣe kó má ní) lọ yọ. Iṣẹ́ wọn ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Mo fi kọ̀ǹpútà àbúrò mi gba Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi 3GB ni, mo sì fi Rufus, ètò tó ń sọ flash di ohun tí a lè fi tan kọ̀ǹpútà, gbé e sórí flash tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, nítorí Rufus a máa nu gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀. Mo ti flash náà bọ ẹ̀rọ Màámi, mo ń tẹ F12 bó ṣe ń jí (Dell ni, F9 ni ti HP), mo sì yan flash náà. Orí flash ni Linux ti ń ṣiṣẹ́. Bí èèyàn kò bá ti tẹ "Install", kò ní da háàdì dísìkì rú.

BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa kí ẹlòmíì má lè kà á, ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ laptop tuntun ló ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹ kò bá sì ní nọ́ńbà gígùn tó ń ṣí i, tó ní dígíìtì 48, Linux ò ní rí nǹkan kan kà. Inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni ẹ̀rọ ni nọ́ńbà náà sábà máa ń wà. Ẹ lọ kọ tiyín sílẹ̀ nísinsìnyí tí ara ẹ̀rọ yín ṣì le. Ti Màámi ò ní i. Mo ṣí "Users", orúkọ wọn yọ, Documents yọ. Mo pariwo!

Ìwé ẹgbẹ́ ni mo kọ́kọ́ kó sórí flash mìíràn, fọ́tò tẹ̀ lé e. Dísìkì tó ń ṣàìsàn lè kú níbi tí a ti ń kó nǹkan, nítorí náà ohun tí a kò lè pàdánù ló ń ṣíwájú. Ká ní ó ń dún ká-ká-ká ni, ńṣe ni ǹ bá pa á, kí n wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó fáìlì yọ.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ jáde tán ni mo tó gba ojú ewé àtúnṣe Windows lọ sí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí mo tẹ chkdsk C: /f, àṣẹ tó ń yẹ dísìkì wò tó sì ń tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ tẹ dir, tó ń to ohun tó wà nínú dísìkì, kí ẹ fi mọ èwo ni C. Níbẹ̀, ohun tí Windows ń pè ní C lè máa jẹ́ D. Mi ò jẹ́ lò ó ṣáájú kíkó ẹrù, torí ó ń yí ètò dísìkì padà, bó bá sì ba nǹkan jẹ́, kò sí àtúnṣe.

Ó tàn ní ìrọ̀lẹ́. Màámi ti ní láti ìparí oṣù yìí, ẹ̀dà kan yóò máa wà lọ́dọ̀ akápò. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ ra bátìrì.