Igbó Ọ̀ṣun àti Ìlú Tí Ó Yí I Ká

Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa igi nínú ìlú, òdòdó tí wọ́n gbìn sí oríta àti koríko tí wọ́n ń gé lẹ́bàá títì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. N kò lòdì sí òdòdó, nítorí ó ń mú kí ojú títì fani mọ́ra. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí igbó ń ṣe fún ìlú ju iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ lọ, mo sì gbà pé ibi tí a ti lè rí i kedere jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

Igbó náà tó hẹ́kítà 75, odò Ọ̀ṣun sì gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà kan rí, ìlú Yorùbá tí kò ní irú igbó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni a ti gé, tí a sì ti fi kọ́lé, àwọn mìíràn sì ti kéré débi pé ìdí igi bíi mélòó kan ni ó kù. Ohun tí ó dáàbò bo ti Òṣogbo ni èéwọ̀: a kì í dẹ ọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja nínú odò rẹ̀, a kì í sì í gé igi rẹ̀. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, wọ́n gé lára igi igbó náà láti gbin igi tíìkì, àwọn ọdẹ àti apẹja sì ń wọlé wá. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n dìde, tí wọ́n tún ojúbọ ṣe, tí wọ́n mọ ère sí ibi tí ilẹ̀ ti fẹ́ bọ́. Ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005.

Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Kẹta, nígbà tí páànù ilé ń jó bí iná, yóò kọ́kọ́ mọ ìtutù rẹ̀ lára kí ó tó fi ojú rí ohunkóhun. Igi a máa fi gbòǹgbò fa omi inú ilẹ̀, a sì máa tú u síta lójú ewé. Ìyẹn ni ó ń mú kí abẹ́ igi tutù ju abẹ́ páànù lọ, bí òjìji méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi ọwọ́ wú ewé gbígbẹ tí ó bo ilẹ̀: òkè rẹ̀ ń ró wàràwàrà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ó dúdú, ekòló sì ń rìn nínú rẹ̀. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń mu òjò. Ewé òkè ti kọ́kọ́ gba agbára òjò náà kí ó tó kan ilẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni omi ń dé inú odò.

Ìbàdàn mọ òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó gbé ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ilé ti dé etí omi, pàǹtí ti dí ojú odò, ilẹ̀ tí ì bá fa òjò mu sì ti di páànù àti kọnkéré.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká dá igbó tí ó wà létí odò sí ṣáájú kí a tó ronú gbígbin tuntun. Ayẹyẹ igi gbígbìn pọ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ta ni ń bomi rin igi náà nígbà ọyẹ́? Ewúrẹ́ ni ó ń jẹ òmíràn. Nínú ọgbà ilé pàápàá, igi tẹ́ẹ́rẹ́ gíga tí kò ní ibòji ni a ń gbìn, nígbà tí ọdán, tí àwọn bàbá wa gbìn sí ojú ọjà àti iwájú ààfin nítorí òjìji rẹ̀, ń di ohun tí a ń gé nítorí fífẹ títì.

Èéwọ̀ nìkan kò sì tó mọ́. Láti ọdún mélòó kan wá ni omi Ọ̀ṣun ti di ẹrẹ̀ nítorí àwọn tí ń wa góòlù lápá òkè odò, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Kì í ṣe igi gígé nínú hẹ́kítà 75 yẹn ni ó fa èyí. Òfin tí yóò dáàbò bo igbó ìlú gbọ́dọ̀ tẹ̀lé odò rẹ̀ dé orísun, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí odò náà gbà kọjá sì jọ máa ṣọ́ bèbè rẹ̀, tí kì í ṣe Òṣogbo nìkan.