Aago Kan Náà, Iye Rẹ̀ Kò Dọ́gba

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2024, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi ní Manchester, mo ń wo aago ọwọ́ kan náà ní ọjà méjì. Seiko SKX013 ni, aago òmùwẹ̀ tí Seiko, ilé iṣẹ́ aago ilẹ̀ Jàpáàn, kò ṣe mọ́, tí ojú rẹ̀ dúdú, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 38, tí wọ́n sì ṣe láti lè wọ inú omi dé 200 mítà. Ẹni tó ń ta ọ̀kan ní Tokyo pè é ní 40,000 yẹ́ẹ̀nì. Ẹni tó ń ta èkejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí pè é ní 290 pọ́n-ùn. Nǹkan bí 200 yẹ́ẹ̀nì ni wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn kan lásìkò yẹn, nítorí náà 200 pọ́n-ùn péré ni ti Tokyo. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó lójú ẹsẹ̀, kí n tó rántí pé mi ò tíì ṣírò ọ̀nà tí aago náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo mú bírò. Àwọn tó ń ta nǹkan lórí ọjà gbàǹjo Yahoo ní Jàpáàn, púpọ̀ wọn kì í fi ọjà ránṣẹ́ sí òkè òkun, nítorí náà ẹni tó wà níta gbọ́dọ̀ lo àwọn tí yóò bá a rà á níbẹ̀, kí wọ́n sì bá a dì í ránṣẹ́. Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò lè bá alágbàtà yìí jà, torí pé láìsí òun, mi ò lè rí aago náà rà rárá. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 500 yẹ́ẹ̀nì, gbígbé e láti ilé olùtajà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ 700, gbígbé e láti ibẹ̀ dé Manchester jẹ́ 2,800. Gbogbo rẹ̀ di 20 pọ́n-ùn. Nígbà tó bá wá dé ibodè, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò gba owó orí ọjà, ìdá 20 nínú 100, kì í sì í ṣe lórí aago nìkan, lórí owó ìfiránṣẹ́ náà ni. Ìyẹn jẹ́ 44 pọ́n-ùn. Àwọn tó ń gbé e wálé á tún gba 12 pọ́n-ùn nítorí pé wọ́n bá mi san owó orí náà sílẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 276. Gbogbo àǹfààní tí mo rò pé mo rí ní Tokyo ti di 14 pọ́n-ùn, fún aago tí mi ò fọwọ́ kàn rí, tí mi ò sì lè dá padà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú sí àwọn aago wọ̀nyí mọ̀ nìyí. Bí aago kan bá dàbí ẹni pé ó wọ́n ju èkejì lọ ní ìlú kan, ó lè jẹ́ pé ẹni tó rà á wọlé ti san gbogbo owó tí ẹ̀yin náà ìbá san. Iye tí a kọ sábẹ́ fọ́tò kò tíì jẹ́ iye aago náà, àfi ìgbà tí ó bá dé ọwọ́ ẹni.

Iye owó yẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ sì tún ń gbé e sókè, ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí pọ́n-ùn kan kò ju nǹkan bí 140 yẹ́ẹ̀nì lọ, 40,000 yẹ́ẹ̀nì yìí kan náà ìbá ná mi ní 285 pọ́n-ùn kí n tó san kọ́bọ̀ kan fún ìfiránṣẹ́. Lóṣù keje ọdún 2024, dọ́là kan kọjá 160 yẹ́ẹ̀nì, àwọn àlejò sì ń wọ́ lọ sí Nakano Broadway ní Tokyo, níbi tí àwọn ìsọ̀ aago àlòkù pọ̀ sí. Nígbà náà, ẹni tó bá fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ hàn ní ìsọ̀ tó ní àṣẹ rẹ̀ kì í san owó orí ọjà tiwọn, tí ó jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Ẹni bẹ́ẹ̀, tó wọ aago náà sí ọrùn ọwọ́ wò lábẹ́ iná ìsọ̀, ni mo gbà pé ó rà á ní pọ̀ọ́kú ní tòótọ́. Ní ti Amẹ́ríkà, títí di 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ohun tí iye rẹ̀ kò bá ju 800 dọ́là lọ kì í san owó ibodè, ìdí rèé tí àwọn olùrà ibẹ̀ fi máa ń ra aago Jàpáàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti fi òpin sí ìyẹn. Ìṣirò tí àwa ti ń ṣe níhìn-ín tipẹ́, àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Kí ló tilẹ̀ fà á tí a fi ń lé àlòkù kiri báyìí? SKX007, tí ó tóbi ju SKX013 lọ díẹ̀, jáde ní ọdún 1996, wọ́n sì ń ṣe é títí di nǹkan bí ọdún 2019. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó bá ní nǹkan bí 200 dọ́là lọ́wọ́ lè rí tuntun rà. Seiko 5 Sports tí wọ́n gbé jáde ní 2019 jọ ọ́ lójú, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì dára ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé a lè fọwọ́ yí i kí ó gba agbára, ṣùgbọ́n 100 mítà ni agbára rẹ̀ nínú omi, kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ní ìdè tí a ń yí wọlé kí omi má bàa wọ inú aago. Àwọn tó fẹ́ aago òmùwẹ̀ gidi padà sẹ́yìn, wọ́n ń wá SKX, àlòkù sì wá ń wọ́n ju bí tuntun ti rí lọ. Síbẹ̀, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń tà á bí ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe kò ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bà jẹ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Lẹ́tà K àti J tó máa ń wà lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ tún ń dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ J ní àkọlé nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ pé Jàpáàn ni wọ́n ti ṣe é, àwọn olùtajà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì máa ń fi owó lé e nítorí ìlà kékeré yẹn. Ẹ̀rọ 7S26 kan náà ló wà nínú méjèèjì. Èmi kì í sanwó lé ìlà yẹn.

Ibi tí mo ti fara gbá ni ti 6309, àwọn aago òmùwẹ̀ tí Seiko ṣe láti 1976 títí di 1988. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ olùtajà kan ní òkè òkun, ó mọ́, ó ń dán, fọ́tò rẹ̀ wù mí. Nígbà tí mo fi awò wò ó, mo rí i pé etí lẹ́tà orúkọ ilé iṣẹ́ náà ti ṣàn bí yíǹkì lórí bébà tó tutù, ọ̀dà funfun tó wà nínú àwọn àmì wákàtí sì ti kọjá ààlà. Mo pa iná. Ọwọ́ aago tàn yòò bíi tuntun, àwọn àmì ojú rẹ̀ ṣú pátápátá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ọwọ́ kì í ṣe ti ojú náà. Mi ò fi ìyẹn bú àwọn atúnaagoṣe, nítorí pé ní àwọn ìlú bíi Filipíìnì, tí àwọn ènìyàn ti fi aago yìí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ẹni tó ni ín fẹ́ ni kí aago rẹ̀ máa rìn, ohunkóhun tó bá sì wà ní ìsọ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹni tó tà á fún mi ní iye ojúlówó. A ní orúkọ rere fún ohun tó ti òkun bọ̀, tòkunbọ̀, a sì máa ń fọkàn tán an ju ti ilé lọ. Aago kọ́ mi pé òkun kì í fọ ohun tó bàjẹ́ mọ́.

Láti ìgbà náà, mo máa ń wo iye tí wọ́n tà á, mi ò wo iye tí wọ́n pè é. Ìyá tó ń ta iṣu kò retí pé kí a san iye tó kọ́kọ́ dárúkọ, àmọ́ àwa kan náà á dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, a á rí 600 dọ́là lábẹ́ fọ́tò, a á ní iye SKX007 nìyẹn. eBay máa ń fi àwọn èyí tó ti tà hàn. Níbẹ̀ ni òótọ́ wà. Mo sì máa ń béèrè fọ́tò ẹ̀yìn aago, nítorí nọ́ńbà ibẹ̀: èyí àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù. Ṣùgbọ́n 7 lè jẹ́ 1997, 2007 tàbí 2017, olùtajà á sì mú èyí tó bá wù ú.

Lórí SKX013 yẹn, mo kọ̀wé sí ẹni tó wà níbí, mo ní ṣé yóò gba 265 pọ́n-ùn. Ó ní kí n wá wò ó ná. A pàdé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo yí òrùka ojú rẹ̀, ó ń dún ṣá, ṣá, kò sì mì. 7 àti 5 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, rìsíìtì ọdún 2017 sì wà nínú páálí rẹ̀. Ìlà tínrín kan wà lára gíláàsì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń wo ọjọ́. Fọ́tò kò fi í hàn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló fi èékánná tọ́ ọ sí mi kí n tó ka owó fún un.