Abọ́ Kejì Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọ mi ọkùnrin nígbà tí màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn sí Maryland. Kúlíkúlí wà nínú ẹrù wọn. Wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ara rẹ̀ ti lé, ètè rẹ̀ ti wú, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. A pe 911. Abẹ́rẹ́ epinephrine tí àwọn tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ pàjáwìrì gún un ní itan ni Ọlọ́run fi dá a padà fún wa. Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà.

Màmá mi sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. "Ẹ̀pà tí gbogbo wa jẹ dàgbà?" Gbogbo àlàyé tí dókítà ṣe kò wọ̀ wọ́n létí, àfi ìgbà tí mo sọ pé, "Màmá, ẹ kà á sí èèwọ̀ rẹ̀." Ojú ẹsẹ̀ ló yé wọn. Nílé wa, bí olórìṣà Ọbàtálá bá wà níbi àríyá, a kì í bi í pé kí ló dé tí kò mu ẹmu, a kì í sì í ní kó tọ́ ọ wò díẹ̀. A ó wá nǹkan mìíràn fún un, kò ní jókòó lọ́wọ́ òfo láàárín ẹgbẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Halloween kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí èmi fúnra mi tó rí i.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níhìn-ín: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, àwọn ọmọdé á múra bí ẹranko tàbí bí iwin, wọn á gbé àpò dání, wọn á máa kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọn á ké "trick or treat," onílé á sì fún wọn ní súìtì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ ọdún náà nílé wọn nítorí ìgbàgbọ́, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wa náà máa ń pín súìtì fún àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Ibikíbi tí a bá ti ń pín in ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ọmọ ọdún márùn-ún ló kọ́kọ́ jáde, ó múra bí kìnnìún. Nígbà tá a délé, mo da àpò rẹ̀ sórí tábìlì. Àwọn súìtì kéékèèké yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n lára. Ara àpò ńlá tí onílé ti jù nù ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni kékeré àti ńlá súìtì kan náà lè má jọ ara wọn nínú, nítorí ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n lè yàtọ̀. Èyí tí kò bá dá mi lójú, mo mú un kúrò. Mẹ́rin péré ló kù. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni?"

Lọ́dún kejì, mo pa iná ẹnu ọ̀nà, mo tì í mọ́lé, mo pè é ní ìtọ́jú. Ojú fèrèsé ló dúró sí títí àwọn ọmọ àdúgbò fi lọ tán.

Ọdún kẹta ni ìyá àgbàlagbà kan ní ìkangun òpópónà wa gbé elégédé kan síta tí wọ́n kùn ní teal, àwọ̀ tó wà láàárín aró àti ewé. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi ṣàlàyé fún mi. Ẹgbẹ́ kan ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Tennessee, tó ń ran àwọn ìdílé bíi tiwa lọ́wọ́, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2012. Ní 2014 àjọ tí wọ́n ń pè ní FARE, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ara ń kọ̀, gbé e káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gbé elégédé teal síta ń sọ pé nǹkan tí kì í ṣe oúnjẹ wà nílé òun fún ọmọ tó bá fẹ́.

Abọ́ méjì ni wọ́n gbé síwájú ọmọ mi. "Èwo lo fẹ́?" Wọn kò bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ó mú bọ́ọ̀lù kékeré kan àti ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń tàn nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọ tí ń jẹ ẹ̀pà bí wọ́n ṣe fẹ́ náà ń du abọ́ kejì yẹn! Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni ara rẹ̀ kọ nǹkan. Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù. Mo ti rò pé ààbò nìkan ni ọmọ mi nílò, kò sì rí bẹ́ẹ̀: ó fẹ́ nawọ́ kó mú nǹkan bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ohun ìṣeré pọ̀ mọ́ súìtì nínú abọ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ọmọ yan èyí tó wù ú, ẹ má sọ ọ́ di ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀ kó tó rí gbà. Pẹ́ńsù, sítíkà, òrùka oníke, ọṣẹ tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa rí rà lówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n amọ̀ ìṣeré aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà fún ọmọdé sábà máa ń ní àlìkámà nínú, fèrè rọ́bà alátẹ́gùn kò sì dára fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ rọ́bà. Ohun kékeré tó lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun, ẹ má fún un.

Àwọn kan á ní, "Màá kàn ra súìtì tí kò ní ẹ̀pà." Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀pà nìkan kọ́. Òfin Amẹ́ríkà ka oúnjẹ mẹ́sàn-án tí ara èèyàn sábà máa ń kọ̀: mílíìkì, ẹyin, ẹ̀pà, àwọn èso bíi kajú àti àlímọ́ńdì, àlìkámà, sóyà, ẹja, edé àti akàn, pẹ̀lú yànmọ̀tí tí wọ́n fi kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Kò sí súìtì kan tí ẹ lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí fún gbogbo ọmọ.

Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, abẹ́rẹ́ epinephrine méjì ni kí ẹ gbé dání, kì í ṣe ọ̀kan, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Ẹ̀gbẹ́ itan ni wọ́n ń gún un sí, orí aṣọ náà ṣeé gún. Ẹ má ṣe dúró kí oògùn ara yíyún ṣiṣẹ́ kí ẹ tó gún un. Bí ẹ bá sì ti gún un, ẹ pe 911, kódà bí ọmọ bá ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó lè padà dé. Lálẹ́ Halloween, ọmọ kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun lójú ọ̀nà kó tó délé. Ọṣẹ àti omi ló ń fọ ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, oògùn apakòkòrò tí a ń fi pa ọwọ́ kò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni mo ní àpótí ohun ìṣeré nílé báyìí, tí ọmọ mi ń fi súìtì tí kò lè jẹ pààrọ̀ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló ń ṣe ìdúnàádúrà, èmi ni mo ń sanwó.

Lọ́dún tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló kun elégédé wa. Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gbé àga síta, wọ́n fi ìborùn bo èjìká nítorí òtútù, wọ́n jókòó ti abọ́ kejì, wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Gbogbo ọmọ tó bá gun àtẹ̀gùn wa ni wọ́n ń sọ fún ní Yorùbá pé, "Mú, ọmọ mi. Mú méjì." Gbogbo wọn ló sì ń mú méjì.