Ọ̀dá tí kò hàn lórí ìwé

Ìsẹ́yìn, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, oṣù kẹfà

Òjò kò rọ̀ lónìí náà. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta, atẹ́gùn gbé eruku, gbogbo àwa tí a wà lóko gbójú sókè, ó sì rékọjá lọ. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí ilẹ̀ ibí yìí ti rí omi gbẹ̀yìn.

Oko tí mo lọ wò lọ́nà Òkè-Ihò kì í ṣe oko ńlá. Éékà méjì ni, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú ilá díẹ̀ létí rẹ̀. Òjò oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún tọ́jú àgbàdo náà gan-an. Ó ga jù mí lọ, ewé rẹ̀ dúdú. Ẹni tó bá ń bá ọkọ̀ kọjá á ní ọdún yìí dára. Ṣùgbọ́n ìyá tó ni oko fà mí wọ àárín poro, ó di igi àgbàdo kan mú, ó ní kí n wo orí rẹ̀, kí n tún wo ọmọ tó pọ̀n. Ìrùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ ti gbọn ìyẹ̀fun sórí ewé títí ó fi tán. Irun kò tíì yọ lẹ́nu ọmọ.

“Ọkọ ti dé, ó ti lọ, ìyàwó ò tíì jáde nílé,” ni ìyá wí.

Ohun tó sọ yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ nípa àgbàdo máa ń kà ní oko ìwádìí: iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí ìrùkẹ̀rẹ̀ gbọn ìyẹ̀fun àti ìgbà tí irun yọ. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀. Èyí tí ìyẹ̀fun bà lé á di hóró, èyí tí kò bà lé, ibẹ̀ á ṣófo lára ṣùkù. Bí omi bá tó, méjèèjì kì í jìnnà síra. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ igi náà, irun ló máa ń pẹ́, torí omi ló ń nà án jáde, ìrùkẹ̀rẹ̀ kì í sì í dúró dè é. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ewu yìí fi ń wà lórí àgbàdo. Bí òjò bá wá ń rọ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ewé á tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣófo lára ṣùkù kò ní ní hóró mọ́.

Ọmọkùnrin rẹ̀ ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi láti odò lọ sídìí ata tó wà ní àkùrọ̀. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ sínú ìwé mi. Àgbàdo tó wà lẹ́nu yíyọ irun lè mu tó milimítà 5 lóòjọ́ nínú irú oòrùn yìí. Milimítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Lórí éékà kan, milimítà 5 yẹn á jẹ́ nǹkan bí lítà 20,000, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 800, fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ létí mi pé àwọn àgbẹ̀ wa kàn ń wojú ọ̀run ni. Kí ni kí wọ́n fi bomi rin ín?

Nígbà tí mo ń dágbére, ìyá ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín tó wà lókè yẹn, ṣé ó ń rí i pé òjò ti dá?”

Mo ní ó ń rí i, òótọ́ sì ni. Àkójọ òjò tí mo ń lò, CHIRPS, tí wọ́n ń ṣe ní Yunifásítì California ní Santa Barbara, ń pa ohun tí sátẹ́láìtì rí pọ̀ mọ́ òjò tí wọ́n wọ̀n nílẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìn dé ọdún 1981. Bí a ṣe ń lò ó ló ń dùn mí. Òṣùwọ̀n ọ̀dá tó gbajúmọ̀ ni SPI, tí onímọ̀ ojú ọjọ́ kan, McKee, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Colorado lọ́dún 1993: a ó ro òjò oṣù kan, oṣù mẹ́ta tàbí oṣù 12 pọ̀, a ó fi wé ti àwọn ọdún tó ti kọjá. Fún odò àti kànga, ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ro oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà pọ̀, òjò ńláńlá oṣù karùn-ún á bo ọ̀sẹ̀ méjì yìí mọ́lẹ̀. Ìwé á ní kò sí ọ̀dá ní Òkè-Ògùn. Ìyá yìí á sì máa ra àgbàdo jẹ lọ́dún tó gbin éékà méjì.

Ìgbà tí òjò dá, àti ohun tó wà lóko nígbà tó dá, ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ wíwọn ọ̀dá tí à ń ṣe yìí máa kọ́kọ́ béèrè, kó tó kan iye tó rọ̀. Àwọn àgbà ibí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bàbá kan tí mo bá lábẹ́ igi máńgòrò ní òun kì í torí òjò kan ṣoṣo gbin nǹkan. Òun á kọ́kọ́ fi ọkọ́ la ilẹ̀ wò, kí òun mọ ibi tí omi wọ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò ló ká mi lára jù. Èyí tó ń gbilẹ̀ ní Áfíríkà báyìí kì í rán ẹnikẹ́ni wá wo oko. Bí òjò tí sátẹ́láìtì rí bá ti wálẹ̀ ju ibi tí wọ́n fa ìlà sí, owó á jáde fún gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò náà. Ó rọrùn, kò gba owó púpọ̀. Àmọ́ ojú kan nínú CHIRPS, ìyẹn ilẹ̀ tí ó ń kọ iye òjò kan ṣoṣo fún, fẹ̀ tó kìlómítà 5 lóròó àti níbùú, ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 2,500 nìyẹn, òjò tiwa sì máa ń rọ̀ lápá ibí odò kí apá ọ̀hún gbẹ fúrúfúrú. Bí wọ́n bá tún lọ fa ìlà náà sórí àpapọ̀ òjò gbogbo àsìkò, ìyá á san owó, àgbàdo á yàgàn, wọ́n á sì sọ fún un pé òjò rọ̀. Ta ni wọ́n máa fi irú ìyẹn jẹ lẹ́ẹ̀kan tó máa tún san án lọ́dún tó ń bọ̀? Kí wọ́n fa ìlà sórí ọ̀sẹ̀ tí àgbàdo ń yọ irun. Ó ṣeé ṣe, torí òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú àkójọ náà.

Ẹ̀gẹ́ ni ìyá gbójú lé. Bí ọ̀dá bá dá, ẹ̀gẹ́ á wọ́wé, á dúró, bí òjò bá padà á tún rúwé. Ìnira rẹ̀ ni pé ilẹ̀ gbígbẹ kì í jẹ́ kí ọkọ́ wọ̀ ọ́, ẹ̀gẹ́ á dá sínú ilẹ̀ bí wọ́n bá ń fà á, owó alágbàṣe á sì gun orí láfún. Mo mẹ́nu ba ẹ̀wà tó máa ń gbó láàárín nǹkan bí 60 ọjọ́. Ó ní ẹ̀wà láìsí oògùn kòkòrò, ìdin ló ń jẹ ẹ́, oògùn sì ti wọ́n. Irúgbìn àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá náà wà. Ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn àti CIMMYT, ilé ìwádìí àgbàdo àti àlìkámà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ lọ́dún 2007, ara ohun tí wọ́n sì fi ń ṣà á ni pé kí irun má pẹ́ lẹ́yìn ìrùkẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ò jìnnà síbí. Èyí tí ìyá ṣà nínú ìkórè èṣí ló ṣì ń gbìn.

Omi pàápàá ò jìnnà. Ìsédò Ikere Gorge, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láyé ìjọba Shehu Shagari, wà lórí odò Ògùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn yìí kan náà, ó lè gba omi tó kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 690. Bíbomirin oko wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Inú mi kì í dùn bí mo bá ronú kàn án.

Lọ́la mo fẹ́ jókòó ti àwọn àgbà abúlé, kí n béèrè àwọn ọdún tí òjò dá nígbà tí àgbàdo pọnmọ. Ọ̀dá ọdún 1983 kò ní ṣòro, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Àwọn kéékèèké tó tẹ̀ lé e ni mo ń wá, èyí tí wọ́n ń fi ọdún tí wọ́n bí lágbájá tàbí ọdún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rántí. Màá to ọdún tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sátẹ́láìtì. Níbi tí àpapọ̀ òjò bá ti sọ pé ọdún dára, tí àwọn sì ní ebi pa wọ́n, ọ̀rọ̀ tiwọn ni màá gbà, màá sì tún ìṣirò náà ṣe títí yóò fi rí ohun tí wọ́n rí.