Bí Mo Ṣe Yí Fídíò Ọjọ́ Ìbí Màmá Mi Padà Kí Fóònù Wọn Lè Gbé E

Nígbà tí màmá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìlóde, dìde láàárín àwọn àlejò nínú ọgbà ilé wa ní Ìrèmọ, nínú Ilé-Ifẹ̀ níbí, wọ́n gba makirofóònù lọ́wọ́ olórin, wọ́n sì fi oríkì ìdílé kí àbúrò wọn títí omijé fi bọ́ lójú ọ̀pọ̀ nínú wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ya fídíò kó iṣẹ́ rẹ̀ wá nínú fílàṣì. Iṣẹ́ náà mọ́ lójú gan-an lórí kọ̀ǹpútà mi. Ṣùgbọ́n fóònù ni màmá mi ń lò, fóònù kékeré kan tí mo rà fún wọn ní Lágere, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ́ máa wo ẹ̀gbọ́n wọn nígbàkígbà tó bá wù wọ́n.

Nígbà tí mo gbé fídíò náà sí i, ohùn ń lọ geere, àwòrán kò lè bá a lọ. Ó ń dúró, ó ń fò, ó tún ń dúró. Màmá Ìlóde ti pa ẹnu dé nínú àwòrán, ohùn wọn sì ń ki oríkì lọ. Nígbà tí ẹnu wọn fi máa là, ohùn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ̀yìn fóònù ti gbóná lọ́wọ́ màmá mi. Wọ́n rọra gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní, “Ṣé fóònù yìí kò tíì bàjẹ́ báyìí?”

Kò bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ gan-an nìyẹn, nítorí mo ti rí àwọn tó fi owó tí wọn kò ní ra fóònù tuntun nítorí fídíò tí wọn ì bá fi wákàtí mélòó kan tún ṣe. Nínú gbogbo fóònù òde òní, ẹ̀yà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tú fídíò tí a ti dì jọ kó lè kéré lọ. Ọ̀nà ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣe é nìkan ló mọ̀. Ọ̀nà tó ń jẹ́ H.264, tó jáde ní ọdún 2003, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fóònù tí kò mọ̀ ọ́n. H.265 tó tẹ̀ lé e ní ọdún 2013 máa ń dì í kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n títú rẹ̀ le jù, bó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní 10-bit, ìyẹn èyí tó ń gba ìyàtọ̀ àwọ̀ tó pọ̀ ju ti lásán lọ, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò lè tú u bó ṣe yẹ. Nígbà tí ẹ̀yà yẹn kò bá mọ iṣẹ́ náà, ọpọlọ fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi agbára ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi ń gbóná, tí bátìrì fi ń yára tán, tí àwòrán sì ń kẹ́yìn ohùn.

Mo ṣí fídíò náà pẹ̀lú VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò, lórí kọ̀ǹpútà, mo lọ sí Codec Information lábẹ́ Tools, mo sì rí ohun tí fóònù ń bá yí. H.265 ni, 10-bit, fífẹ̀ 3840, gíga 2160 (iye àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán), àwòrán 50 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 38, ó sì wúwo tó 14 GB. Abájọ tí káàdì ìrántí màmá mi, tó jẹ́ FAT32, fi kọ̀ ọ́ ní àkọ́kọ́, kí n tó gbé e sínú fóònù fúnra rẹ̀, nítorí irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Ẹ tún wò ó: 3840 lọ́nà 2160 jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án 1280 lọ́nà 720, bẹ́ẹ̀ ojú fóònù wọn kò fẹ̀ ju 720 lọ. Fóònù ń ṣe làálàá ìdá mẹ́sàn-án kó lè fi ìdá kan hàn wọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò ní kí n kàn pa orúkọ fáìlì náà dà láti .mov sí .mp4. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá da gàrí sínú àpò ìrẹsì, gàrí náà ni a ó bá níbẹ̀. Orúkọ àpò ni .mp4, ọ̀nà ìdìpọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni fóònù ń bá jà.

HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Nínú rẹ̀, mo mú ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀ tó ń jẹ́ Fast 720p30, mo rí i dájú pé H.264 lásán ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti 10-bit, mo sì fi ohùn sí AAC, ọ̀nà ìdìpọ̀ ti ohùn. Ibi tí mo ti ń rọ ẹnikẹ́ni láti fara balẹ̀ ni iye àwòrán nínú ìṣẹ́jú-àáyá. Ètò yẹn yóò fẹ́ sọ 50 di 30, 50 kò sì pín dọ́gba sí 30: nínú àwòrán márùn-ún, mẹ́ta ni yóò mú, àlàfo àárín wọn kò ní bára mu, ẹni tó ń jó yóò sì dà bí ẹni tó ń kọsẹ̀. Bí ẹ bá fi sí 25, tí ẹ sì yan Constant Framerate (kí iye náà má máa yí padà), yóò mú ọ̀kan, yóò fi ọ̀kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin, ẹsẹ̀ oníjó àti ọwọ́ onígángan yóò sì máa bá ìlù lọ. Mo ti ṣe méjèèjì, mo wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ náà hàn kedere.

Ní ti bí àwòrán yóò ṣe mọ́ tó, nọ́ńbà RF ló ń pinnu rẹ̀: bó bá ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń mọ́ sí i, tí fáìlì sì ń tóbi sí i. Mo fi sí 22. Kí n tó ṣe gbogbo rẹ̀, mo ní kó kọ́kọ́ ṣe ìṣẹ́jú kan péré, mo sì yan ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ màmá mi ti ń náwó fún wọn, nítorí ibi tí ènìyàn pọ̀, tí owó ń fò, tí aṣọ ń dán, ni àwòrán tí kò dára ti máa ń kọ́kọ́ fọ́. Ó yege lórí fóònù.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe odidi rẹ̀, iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì kú kó tó parí. Fáìlì náà wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ti tóbi, ṣùgbọ́n kò ṣí rárá, nítorí ìparí iṣẹ́ ni HandBrake máa ń kọ atọ́ka tí fóònù yóò fi mọ ibi tí nǹkan wà nínú MP4. Òru ni mo tún un ṣe, nígbà tí iná dúró. Ó jáde ní nǹkan bíi 600 MB.

Ẹ má ṣe pa fídíò àkọ́kọ́ rẹ́. Gbogbo ìyípadà irú èyí ló ń da nǹkan nù, bí ìgbà tí a bá jọ èlùbọ́. Bí a bá sì fẹ́ ẹ̀dà mìíràn lọ́la, láti ara ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó ti wá, kì í ṣe láti ara èyí tí a ti jọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ti 14 GB sínú háàdì ńlá kan. Nígbà tí mo fẹ́ fi èyí tó kéré ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi lórí WhatsApp, mo fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, kí WhatsApp má bàa tún un dì lẹ́ẹ̀kejì, kí ojú àwọn ènìyàn inú fídíò má bàa ṣú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé fóònù fún màmá mi. Wọ́n wò ó láti ìgbà tí Màmá Ìlóde gba makirofóònù, ẹnu àti ohùn ń rìn pọ̀, ẹ̀yìn fóònù kò gbóná. Nígbà tí oríkì náà dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ bàbá wọn, màmá mi fi ìka wọn fa fídíò náà padà sẹ́yìn, ó sì gbà láìjáfara. Wọ́n fà á padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.